Ṣé ìmòòkùn 11 tó kéèyàn fi lọ sí Protea Banks?

ỌmọSúrùlérè

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ibí. Mi ò kì í sábà sọ̀rọ̀ níbí, kíkà ni mo máa ń kà, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì fẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n dáadáa gbà mí nímọ̀ràn kí n tó fowó sí i.

Súrùlérè ni mò ń gbé, Marina ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́dún tó kọjá mo lọ sí Hurghada ní Íjíbítì, ibẹ̀ ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi sílíńdà afẹ́fẹ́ mòòkùn, mo gba káàdì Open Water, ìyẹn ìwé ẹ̀rí ìpele àkọ́kọ́, mo sì tún dúró lọ́jọ́ díẹ̀ sí i. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ ìgbà 11 tí mo ti wọ abẹ́ omi, tí ẹ bá ka 4 tí mo fi kọ́ṣẹ́ mọ́ ọn. Ibi tó jìn jù tí mo dé ni mítà 18. Omi yẹn mọ́ gaara, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò sì sí ìṣàn kankan níbẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti padà dé Èkó, tí mo bá ti ń gba orí Third Mainland kọjá láàárọ̀ tí ojú mi bá ọ̀sà, ọkàn mi ti wà nísàlẹ̀ omi nìyẹn.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà tó ń gbé ní Durban ní South Africa. Òun náà máa ń mòòkùn, ó ti lé ní igba ìgbà tó ti wọlé. Ó ní kí n wá ní oṣù Keje, òun á mú mi lọ sí Protea Banks. Fún ẹni tí ò bá mọ ibẹ̀, àpáta kan ni nínú agbami, bíi kìlómítà 7 sí 8 sí etíkun Shelly Beach, orí àpáta yẹn fúnra ẹ̀ fi bíi mítà 27 wà lábẹ́ omi, ìdí ẹ̀ tó 40. Ó ní lásìkò òtútù tiwọn, ẹja shark tí wọ́n ń pè ní raggie máa ń kó ara wọn jọ sínú ihò àpáta náà, tí wọn á kàn máa rìn kiri jẹ́jẹ́ bíi pé wọ́n ń sùn. Mo ti wo fídíò ẹ̀ tó ìgbà ogún.

Ètò tí mo ṣe nìyí. Mo dé Durban lọ́jọ́ Jímọ̀, mo mòòkùn ní Sátidé lẹ́ẹ̀mejì, mo tún mòòkùn ní Sọ́ńdè láàárọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ká máa parí ní nǹkan bí aago 11, kí n wẹ̀ kí n jẹun, kí n wọ mọ́tò lọ bá ẹ̀gbọ́n mi ní Johannesburg lálẹ́ ọjọ́ yẹn, tórí láti ibẹ̀ ni mo ti máa wọkọ̀ òfuurufú padà sí Èkó ní Mọ́ńdè. Ìsinmi ọjọ́ 2 péré ni ọ̀gá mi fún mi.

Ìbéèrè mi ni pé, ṣé 11 yẹn tó? Ọ̀rẹ́ mi ní òun á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kí n má bẹ̀rù. Ìyá mi sì ní òmùwẹ̀ ní ń bómi lọ, pé wọn ò bí mi fún irú eré yẹn. Ẹ dákun, ẹni tó bá ti débẹ̀, ẹ bá mi dá sí i.

ÀǹtíLẹ́kí

Àbúrò mi, ẹ káàbọ̀ o. Ọdún 6 ni mo fi gbé Durban kí n tó padà wálé, mo ti lọ sí Protea Banks lẹ́ẹ̀marùn-ún, mo sì fẹ́ràn ibẹ̀ débi pé mo ṣì máa ń lá àlá ẹ̀. Nítorí náà kì í ṣe pé mo fẹ́ dẹ́rù bà ẹ́. Àmọ́ má lọ síbẹ̀ ní oṣù Keje yìí. Ìmòòkùn 11 kò tó rárá.

Jẹ́ kí n sọ bó ṣe máa ń rí fún ẹ, kóo lè fojú inú wò ó. Kò sí èbúté tí ẹ máa rọra gun ọkọ̀ níbẹ̀. Láti orí yanrìn ni ẹ ti máa ti ọkọ̀ rọ́bà wọlé, kékeré ni, ẹ́ńjìnnì 2 ló wà nídìí ẹ̀, ẹ jọ máa tì í bọ inú omi ni, lẹ́yìn náà ẹ máa fò wọ inú ẹ̀, wọ́n á ní kí ẹ ki ẹsẹ̀ bọ okùn tó wà nílẹ̀ ọkọ̀ kí ẹ dì í mú gírígírí, tórí ìgbì tó wà níbẹ̀ ọkọ̀ gbọ́dọ̀ fò kọjá lórí ẹ̀ ni. Bó bá bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ìgbì ńkọ́, gbogbo eyín ẹnu èèyàn ló máa ń gbọ̀n. Ẹ ṣì máa rin ìrìn bíi ìṣẹ́jú 25 lẹ́yìn ìyẹn, ibi tó jẹ́ pé tóo bá wo ẹ̀yìn, ilé tó wà létíkun ti di ẹyọ ìyẹ̀fun.

Bẹ́ẹ bá débẹ̀, kò sí nǹkan kan tó máa fi hàn ẹ́ pé àpáta wà nísàlẹ̀. Omi lásán ni, aláwọ̀ aró, ó ń ṣàn. Ẹ ò ní ju ìdákọ̀ró. Atukọ̀ máa gbé yín lọ sókè ibi tí omi ti ń ṣàn wá, á ṣírò ẹ̀, á ní ó yá, gbogbo yín á ṣubú sẹ́yìn sínú omi lẹ́ẹ̀kan náà, láì fẹ́ afẹ́fẹ́ kankan sínú jákẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ kéèyàn léfòó, ẹ ó sì dorí kodò lọ sísàlẹ̀ kíá kíá. Kí ló dé tí wọ́n fi ń yára? Tóo bá dúró lójú omi fún ìṣẹ́jú kan péré tórí pé etí ẹ ò tíì ṣí, tàbí tóo ń tún máàsìkì ṣe, omi ti gbé ẹ kọjá orí àpáta. Ohun tó kù lábẹ́ ẹ nígbà yẹn ni òfìfo, o ò ní rí ilẹ̀, o ò ní rí ẹnikẹ́ni.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lọ, mo ti mòòkùn nígbà 48. Mo rò pé mo ti mọ̀ ọ́n. Etí mi ṣí dáadáa, mo bá wọn dé ìsàlẹ̀, mo rí àpáta yẹn tó jáde wá nínú òkùnkùn aláwọ̀ aró bí ẹ̀yìn erin, mo rí raggie 7 nínú ihò kan ṣoṣo, mo sì dúró, mo ń wò wọ́n. Inú mi dùn jù, mo ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀. Nígbà tí mo wo géèjì mi tó ń fi iye afẹ́fẹ́ tó kù hàn, mo rí nọ́ńbà yẹn, mo kà á, kò sì yé mi. Ẹ gbọ́ ohun tí mò ń sọ o. Mo rí 60, mo mọ̀ pé ọgọ́ta ni, àmọ́ ọpọlọ mi ò sọ fún mi pé kí n ṣe nǹkan kan nípa ẹ̀. Ní mítà 30, náítrójìn tó wà nínú afẹ́fẹ́ máa ń pa èèyàn bí ọtí, ó sì máa ń pa ẹlòmíì ju ẹlòmíì lọ. Ẹni tó ń ṣáájú wa ló wá gbá mi lọ́wọ́, ó wo géèjì mi, ó sì na ẹnu ìmí kejì tó wà lára sílíńdà tiẹ̀ sí mi kí n máa mí nínú ẹ̀ bá a ṣe ń gòkè. Ìṣẹ́jú 14 péré ni mo lò nísàlẹ̀.

Ìṣirò ẹ̀ kò le. Sílíńdà lítà 12 tí wọ́n rọ dé bar 200 ní afẹ́fẹ́ lítà 2,400 nínú. Lójú omi, ẹni tí ara ẹ̀ balẹ̀ lè máa lo bíi lítà 20 ní ìṣẹ́jú kan. Ní mítà 10 ó di ìlọ́po 2, ní mítà 30 ó di ìlọ́po 4, ìyẹn lítà 80. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ tí àyà ẹ̀ ń já lè máa lo 30 lójú omi, ó ti di 120 nísàlẹ̀ nìyẹn. Tóo bá ní kóo fi bar 50 sílẹ̀ nínú sílíńdà, tó jẹ́ pé dandan ni, ohun tóo ní fún gbogbo ẹ̀, àti àkókò tóo fi ń lọ sílẹ̀, kò ju bíi ìṣẹ́jú 15 lọ. Káàdì tìẹ gan-an ní kóo má kọjá mítà 18, orí àpáta yẹn sì ti jìn jù ú lọ ní mítà 9 kóo tó tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ ẹ ní òun á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ. Mo gbà pé ó fẹ́ràn ẹ. Àmọ́ nínú ìṣàn omi, ẹ̀gbẹ́ ẹni máa ń jìn.

Lọ sí Aliwal Shoal. Òun náà jẹ́ àpáta inú òkun, bíi kìlómítà 5 sí etíkun ìlú Umkomaas, kò jìn sí Durban rárá. Ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Aliwal ló fún un lórúkọ, wọ́n ní díẹ̀ ló kù kó fara gbá àpáta yẹn lọ́dún 1849. Orí ẹ̀ wà ní bíi mítà 6, ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ń lọ sì wà láàárín 12 sí 27. Raggie wà níbẹ̀ náà ní oṣù Keje! Ẹja kan náà tóo wò nínú fídíò. Ìgbì etíkun wọn náà le, ọkọ̀ rọ́bà kan náà ni, wàá ti kọ́ ìyẹn. Ṣe káàdì Advanced ẹ níbẹ̀, ìyẹn ìpele tó tẹ̀ lé Open Water, mòòkùn tó 40 sí 50, kó jẹ́ pé ìṣàn ti gbé ẹ rí lóríṣiríṣi, nígbà náà wá padà fún Protea. Àpáta yẹn ò ní ṣí kúrò.

DífàÀpápá

Àǹtí ti sọ gbogbo ẹ̀, ẹ ṣeun mà. Mi ò fẹ́ tún un sọ. Ohun tó jẹ́ kí n kọ èyí ni ìyókù ètò yẹn, tó jẹ́ pé kò sẹ́ni tó tíì fọwọ́ kàn án, ó sì jẹ́ ohun tó lè pa àbúrò wa yìí kódà tó bá lọ sí Aliwal dípò Protea.

Iṣẹ́ abẹ́ omi ni mo fi ọdún 22 ṣe, láti Àpápá dé Escravos dé Bonny, kì í ṣe ti fàájì, iṣẹ́ alápàpàǹdodo ni, ká jó irin lábẹ́ omi, ká tú àwọ̀n kúrò lára pùròpẹ́là. O ní o máa jáde nínú omi ní aago 11 Sọ́ńdè, o máa wọ mọ́tò lọ sí Johannesburg lálẹ́ ọjọ́ náà. Ṣé o mọ̀ pé orí òkè ni Johannesburg wà? Mítà bíi 1,700 ló fi ga ju ojú òkun lọ. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà láti Durban máa gun òkè Van Reenen kọjá. Ní tìẹ, bákan náà ló rí pẹ̀lú kéèyàn wọ bàlúù ní kété tó jáde nínú omi.

Ìdí ẹ̀ nìyí. Bóo ṣe wà nísàlẹ̀, náítrójìn ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ ẹ àti ọ̀rá ara ẹ bí aró ṣe ń wọ aṣọ. Bí aṣọ bá ṣe pẹ́ nínú ìkòkò aró tó ni á ṣe mu tó, tí wọ́n bá sì ń rì í padà síbẹ̀, ó túbọ̀ ń mu ni. Ìgbà 4 lo fẹ́ rì í láàárín ọjọ́ 2. Ara ẹ máa tú u jáde o, àmọ́ díẹ̀díẹ̀ ni, gbogbo wákàtí tóo fi ń jókòó ló ń jáde. Tóo bá wá sáré lọ síbi tí afẹ́fẹ́ ti fúyẹ́, inú ẹ̀jẹ̀ ni náítrójìn yẹn máa ti hó bíi mínírà tí wọ́n ṣí ìdérí ẹ̀. Ó lè jẹ́ oríkèé lásán ló máa máa dùn ẹ́. Ó tún lè jẹ́ ẹsẹ̀ 2 lá máa gbà. Mo ti rí i kó ṣẹlẹ̀ sẹ́ni tí mo bá ṣiṣẹ́, ẹni tó lágbára jù mí lọ, ọ̀pá ló fi ń rìn títí dòní, wákàtí 3 péré ló sì jẹ́ kó kánjú.

Ohun tí àwọn tó ń ṣe ti fàájì ń tẹ̀ lé ni pé, tó bá jẹ́ ìgbà kan ṣoṣo lo mòòkùn, dúró ó kéré tán wákàtí 12 kóo tó wọ bàlúù. Tó bá jẹ́ ọ̀pọ̀ ìgbà tàbí ọ̀pọ̀ ọjọ́, wákàtí 18. Èmi máa ní kóo fi sí 24, kí ọkàn ẹ balẹ̀. Òfin kan náà ni kóo fi ka Johannesburg yẹn.

Ẹ̀yin ará Èkó tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe tó, ẹ rántí Harrison Okene. Alásè ni nínú ọkọ̀ tógì tó ń jẹ́ Jascon-4 tó dojú dé ní ọjọ́ 26 oṣù Karùn-ún ọdún 2013 nítòsí Escravos. Èèyàn 12 ló wà nínú ẹ̀, òun nìkan ló yè é. Inú afẹ́fẹ́ díẹ̀ tó há sínú yàrá kan ló wà fún bíi wákàtí 60, ní mítà 30, nínú òkùnkùn. Òkú ni àwọn dífà wá wá, ẹni alààyè ni wọ́n bá. Gbogbo ayé rí fídíò ìgbà tí ọwọ́ ẹ̀ kan dífà yẹn. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé wọn ò kàn fà á jáde. Tí wọ́n bá kàn mú un gòkè tààrà pẹ̀lú náítrójìn ọjọ́ méjì ààbọ̀ yẹn nínú ara, ojú omi ló máa kú sí, lójú àwọn tó gbà á là. Wọ́n fi ìbòrí dífà sí i lórí, wọ́n gbé e gòkè nínú irin tí wọ́n ń pè ní béèlì, wọ́n sì tì í mọ́ inú táǹkì ńlá kan fún ọjọ́ méjì ó lé kí ara ẹ̀ lè tú u jáde díẹ̀díẹ̀. Òun fúnra ẹ̀ padà kọ́ṣẹ́ dífà lẹ́yìn náà, mo sì bọ̀wọ̀ fún un gan-an.

Àbúrò, lọ tọrọ ọjọ́ 2 sí i lọ́wọ́ ọ̀gá ẹ. Tí kò bá fún ẹ, mòòkùn ní Sátidé nìkan.

ỌmọSúrùlérè

Háà. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Mo ti ka èyí lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì ti pe ìyàwó mi kó wá kà á. Wọ́n kọ́ wa ní ti bàlúù ní Hurghada, ìdí tí mo fi fi Mọ́ńdè sí i nìyẹn, mo rò pé mo ti ṣe é re. Ti òkè yẹn ni kò sí lọ́kàn mi rárá, mo kàn ka mọ́tò sí mọ́tò.

Àǹtí, mo gbọ́ mà. Ó dùn mí díẹ̀, mi ò ní parọ́, àmọ́ mo gbọ́. Aliwal ni.

Ẹ jẹ́ kí n tún bi yín léèrè kan. Níbi tí mo wà yìí kò sí ibi tí mo ti lè máa fi sílíńdà ṣe ìdánrawò. Ohun tí mò ń ṣe ni pé mo máa ń lọ sí swimming pool kan ní Ìkòyí ní Sátidé, mo máa wọ ìsàlẹ̀, mo máa di èémí mú, mo ti dé ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀. Mo rí àwọn tó ń wa yanrìn lọ́sà tí wọn ò ní nǹkan kan lẹ́nu, tí wọ́n ń pẹ́ nísàlẹ̀, mo wá rò pé tí mo bá lè ṣe bíi tiwọn, tí mo bá wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú sílíńdà mo lè máa di èémí mú díẹ̀díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ mi má tètè tán. Ṣé ó máa ràn mí lọ́wọ́?

ỌmọỌ̀sà

Ẹ̀gbọ́n Súrùlérè, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o!! Ẹ jọ̀ọ́. Mo kàn ń kọjá lọ ni mo rí èyí, mo ní àfi kí n dáhùn.

Oworonṣókí ni wọ́n bí mi sí, yanrìn ni bàbá mi ń wà lọ́sà títí ó fi darúgbó. Mo mọ iṣẹ́ yẹn. Wọ́n máa kó sínú ọkọ̀ igi, wọ́n á fi táápólì ṣe ìgbòkun, afẹ́fẹ́ á gbé wọn lọ sáàárín ọ̀sà, wọ́n á ri àkàbà ọparun mọ́lẹ̀, ẹni tó fẹ́ wọlé á di àkàbà yẹn mú sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú báákẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́. Nísàlẹ̀ kò sí ìmọ́lẹ̀, ọwọ́ ara ẹ o ò ní rí i, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ ibi tí yanrìn wà. Ó bu báákẹ́ẹ̀tì kún, ó gòkè, wọ́n dà á sínú ọkọ̀, ó tún padà, bẹ́ẹ̀ ni títí ọkọ̀ á fi kún dé ẹnu. Etí bàbá mi kan ò gbọ́ràn mọ́ kó tó pé ọmọ àádọ́ta ọdún. Ẹ má wò ó bí eré.

Èmi ti fi sílíńdà mòòkùn, ilé iṣẹ́ kan ló kọ́ mi. Ohun àkọ́kọ́ tí olùkọ́ mi sọ nígbà tí mo sọ fún un pé ọmọ awayanrìn ni mí ni pé kí n gbàgbé ohun tí bàbá mi kọ́ mi nípa èémí. Ó ya mí lẹ́nu nígbà yẹn. Àmọ́ ẹ wò ó. Bàbá mi mí èémí sínú lókè, ó dì í mú, ó wọlé. Omi tẹ̀ ẹ́, ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ kéré sí i. Nígbà tó gòkè, ó padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ohun tó mú wọlé náà ló mú jáde, kò lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ní sílíńdà ńkọ́, ìsàlẹ̀ ló ti ń mí, afẹ́fẹ́ tí omi ti tẹ̀ pọ̀ ló ń wọ inú ẹ̀. Tó bá kún àyà ẹ̀ ní mítà 10, tó dì í mú, tó sì gòkè, afẹ́fẹ́ yẹn máa di ìlọ́po 2 kó tó dé ojú omi. Ibo ló fẹ́ gbà? Ẹ̀dọ̀fóró máa ya ni. Kò sì dìgbà tó bá jìn o, mítà kan àtààbọ̀ lásán tó, swimming pool tí ẹ ń lọ yẹn tó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá sì ń di èémí mú nísàlẹ̀, èémí yẹn gan-an máa ń jẹ́ kéèyàn léfòó díẹ̀, ẹ lè máa gòkè láì mọ̀.

Ẹ máa mí. Kẹ́ ẹ mí wọlé jẹ́jẹ́, kẹ́ ẹ mí jáde kó pẹ́ ju ti wọlé lọ, kẹ́ ẹ má dá a dúró láé. Ẹni tí ara ẹ̀ balẹ̀ tí ò fọwọ́ wẹ̀ kiri ni afẹ́fẹ́ ẹ̀ máa ń pẹ́, àti ẹni tí òjé ìgbànú ẹ̀ ò pọ̀ jù.

Ti pool yẹn náà, ẹ má dá nìkan ṣe é. Àwọn kan máa ń mí hẹ̀ẹ́hẹ̀ẹ́hẹ̀ẹ́ kí wọ́n tó wọlé kó lè pẹ́, ìyẹn ló máa ń jẹ́ kójú èèyàn ṣú lábẹ́ omi láìsí pé ó mọ̀ pé ó ń bọ̀. Láàárín ìlú níbí ni wọ́n ti gbé ọmọ àdúgbò wa kan jáde nínú pool òtẹ́ẹ̀lì, ó mọ̀ọ́wẹ̀ ju gbogbo wa lọ.

Nọ́ọ̀sìYábà

Mo fẹ́ fi kékeré kan kún un. Jẹ́nótáìpù yín ńkọ́? Tó bá jẹ́ SS, ẹ má mòòkùn pẹ̀lú sílíńdà rárá. Tó bá jẹ́ AS, ọ̀pọ̀ àwọn tó jẹ́ bẹ́ẹ̀ ń ṣe é, àmọ́ ẹ sọ fún dókítà kó tó buwọ́ lu fọ́ọ̀mù ìlera yẹn, ẹ má sì jẹ́ kí omi gbẹ lára yín. Ẹni tó ní ásímà náà gbọ́dọ̀ rí dókítà.

Kátáà lèyí tí àwọn èèyàn ń fojú tín-ín-rín jù. Ẹ ń bọ̀ láti Èkó, ẹ ti sùn sínú AC bàlúù, oṣù Keje sì tutù ní Durban, imú lè dí. Tí imú bá dí, etí ò ní ṣí, tẹ́ ẹ bá fipá ṣí i, awọ etí lè ya. Ẹ má lo oògùn tó ń ṣí imú kẹ́ ẹ wá wọlé, tórí ó lè tán lára yín nígbà tẹ́ ẹ wà nísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ á há sínú etí tẹ́ ẹ bá ń gòkè. Ẹ jókòó sínú ọkọ̀, kẹ́ ẹ máa wo òkun lọ́jọ́ yẹn.

ỌmọSúrùlérè

AA ni mí, mo dúpẹ́. ỌmọỌ̀sà, Ọlọ́run á bá mi kẹ́ ẹ, kí Ọlọ́run tọ́jú bàbá náà. Mo ti ń ro ọ̀rọ̀ èémí yẹn láti ìdájí, tórí mo ti ṣe é rí ní Hurghada lẹ́ẹ̀kan, mo di èémí mú kí n lè ya fọ́tò ẹja kan, kò sẹ́ni tó rí mi.

Mo ti bá ọ̀gá mi sọ̀rọ̀. Ó fún mi ní ọjọ́ 2 sí i, mo máa fi àwọn Sátidé míì ṣiṣẹ́ dípò ẹ̀. Mo ti yí tíkẹ́ẹ̀tì sí Ọjọ́rú. Aliwal ni mo máa mòòkùn sí Sátidé àti Sọ́ńdè, kíláàsì Advanced ni, Mọ́ńdè mo máa wà ní Durban láì ṣe nǹkan kan, Túsìdé ni mo máa lọ bá ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀rẹ́ mi kọ́kọ́ bínú, mo fi ohun tí Àǹtí kọ ránṣẹ́ sí i, ó ní òun náà lo sílíńdà kan tán ní ìṣẹ́jú 16 nígbà àkọ́kọ́ tó lọ sí Protea. Kò sọ fún mi rí!

ÀǹtíLẹ́kí

Inú mi dùn gan-an. Sọ fún un pé mo kí i.

Ra bọ́ọ̀ì tìẹ kóo tó lọ, má yá tẹlòmíì. Èyí gígùn aláwọ̀ ọsàn tó dà bí túùbù rọ́bà, tí wọ́n máa ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí láti ìsàlẹ̀ kó lè yọ jáde lójú omi. Atukọ̀ wà lókè tó ń wá yín, ìgbì sì máa ń ga níbẹ̀, orí èèyàn kan ṣoṣo nínú omi dà bí àgbọn tó léfòó, kò ní rí ẹ. Bọ́ọ̀ì ló máa rí. Ra fèrè tí wọ́n ń fọn náà, kóo so ó mọ́ jákẹ́ẹ̀tì ẹ lápá òsì. Kọ́ bí wọ́n ṣe ń ju bọ́ọ̀ì yẹn látìsàlẹ̀ lọ́wọ́ olùkọ́ ẹ ní Aliwal, ṣe é nígbà 3 tàbí 4 kóo tó wálé, tórí ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n, okùn ẹ̀ lè kọ́ mọ́ ọn lára kó fà á gòkè.

ỌmọSúrùlérè

Ẹ ṣeun mà. Mo rí ọ̀kan tó ní okùn mítà 10, òmíràn ní 30. Èwo ni kí n mú?

DífàÀpápá

30. Èyí tí okùn ẹ̀ wà lára kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń yí, kì í ṣe èyí tí wọ́n kàn ká sọ́wọ́. Bóo bá dé mítà 5, dúró fún ìṣẹ́jú 3 kí okùn yẹn nà dáadáa lọ́wọ́ ẹ, máa wo kọ̀ǹpútà ọwọ́ ẹ, má sì gòkè ju mítà 9 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Tóo bá dé, kọ̀wé síbí ká mọ bí raggie ṣe kí ẹ.